Oyè Ọ̀mọ̀wé Nílẹ̀ Iyanrìn

Ohun kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń kọ́ ní Dhahran kí ó tó jókòó ní kíláàsì rárá. Bó bá dé lóṣù Kẹjọ, tó wọ balùwẹ̀, tó ṣí ẹ̀rọ omi tútù, omi tó máa dà lé e lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bó o lára. Kò sẹ́ni tó gbé omi kaná. Orí òrùlé ni táǹkì wà, oòrùn sì ti ń sè é láti àárọ̀. Bó bá figbe ta, ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní, "Àbúrò, pa hítà yẹn o. Ẹ̀rọ omi gbígbóná ni kí o máa lò títí ooru á fi lọ." Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Inú ilé ni táǹkì hítà wà, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí wọn kò bá tan iná sí i, omi inú rẹ̀ á ti sinmi, á ti tutù níwọ̀nba. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," lọ̀rọ̀ máa ń parí sí, ọmọ tó gba ipò kìíní nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀.

Ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Saudi Arabia ni Dhahran wà, nítòsí òkun tó pín ilẹ̀ Lárúbáwá níyà sí Ìráànì. Níbẹ̀ ni kànga epo tí wọ́n ń pè ní Dammam Nọ́ńbà 7 ti tú jáde lọ́dún 1938, lẹ́yìn tí àwọn tí wọ́n gbẹ́ ṣáájú rẹ̀ kò mú nǹkan gidi wá. Ilé iṣẹ́ epo Aramco jókòó síbẹ̀ títí dòní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí òkè kékeré kan, ni King Fahd University of Petroleum and Minerals wà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1963 kí àwọn ọmọ ìlú lè mọ iṣẹ́ epo fúnra wọn. Ní òdì kejì orílẹ̀-èdè náà, létí Òkun Pupa, ní Thuwal tó jẹ́ ìletò apẹja, ni yunifásítì kejì wà: King Abdullah University of Science and Technology, tí tẹrú-tọmọ ń pè ní KAUST. Oṣù Kẹsàn-án 2009 ni wọ́n ṣí i, ó sì tó nǹkan bí 80 kìlómítà sí ìlú Jeddah. Oyè máásítà àti oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ fún. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú méjèèjì.

Àwọn tó wà nílé máa ń rò pé oòrùn ni gbogbo wàhálà ibẹ̀. Oòrùn wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ nínú aṣálẹ̀ yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ni pé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí yóò lò tí kò jẹ́ pé ẹnìkan ló ṣe é fún un. Omi tó ń mu, òtútù tó fi ń sùn, yàrá tó ń gbé, káàdì tó fún un láṣẹ láti wà nílùú, ọwọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó bá tètè mọ èyí, ara á tù ú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa bá ìlú jà.

Yorùbá kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yẹn o. Kí epo tó jáde rárá ni àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń fẹsẹ̀ rìn la Sudan kọjá lọ sí Mẹ́kà, àwọn mìíràn a sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́nà. Nígbà tí Islamic University of Madinah bẹ̀rẹ̀ ní 1961, tó ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pe àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ọmọ ilé kéwú láti ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó dáhùn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Markaz, tí Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé lọ sí Agége ní 1955, ti fi Lárúbáwá sí wọn lẹ́nu kí wọ́n tó kúrò nílé. Ìyẹn ìran àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá padà délé, àfáà ni wọ́n, wọ́n á kọ́ ilé kéwú tiwọn, wọ́n á sì máa wàásù.

Ìran tuntun yàtọ̀ pátápátá. Ẹlẹ́rọ ni wọ́n, onímọ̀ kẹ́mísírì, onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Lárúbáwá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n fi ń kírun lọ, àwọn kan kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní Dhahran àti Thuwal, òun náà ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìwádìí. Bí wọ́n bá sì jáde síta, kì í ṣe Lárúbáwá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Alágbàfọ̀ lè jẹ́ ará Bangladesh, awakọ̀ takisí ará Pakistan, ẹni tó ń ta oúnjẹ ará Kerala ní Íńdíà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gba oyè tán kí ó má wọ ilé ọmọ Saudi kankan rí jẹun.

Ohun tó ń gbé wọn lọ kò farasin: owó ni. Kò sí ọ̀rọ̀ pé kí bàbá ta ilẹ̀ kó tó san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí wọ́n bá gbà, ilé ẹ̀kọ́ ló máa sanwó kíláàsì, tó máa fún un níbùgbé, tó máa tọ́jú ara rẹ̀ bó bá ṣàìsàn, tó sì máa fún un lówó ìjẹun lóṣooṣù. KAUST a máa kéde pé owó yìí wà láàrin 20,000 sí 30,000 dọ́là lọ́dún. Ti Dhahran kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba kì í yọ owó orí nínú rẹ̀. Riyal, owó ìlú náà, kì í mì: láti 1986 ni dọ́là kan ti jẹ́ riyal mẹ́ta àti àbọ̀ ó lé díẹ̀, 3.75 géérégé. Ẹni tó ti ń wo náírà bó ṣe ń yọ̀ lọ́dọọdún mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Owó ọjà ló ń jẹ wọ́n lára díẹ̀, nítorí owó orí ọjà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù Kìíní 2018 ti di ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti oṣù Keje 2020.

Kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan owó yẹn, ìwé á ti kọ́kọ́ dán an wò. Sáàtífíkéètì gbọ́dọ̀ ti yunifásítì kúrò, kó dé iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ l'Ábújá, kó dé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè, kó tó dé ọ́fíìsì àwọn ará Saudi. Ibi kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Níbẹ̀ ni orúkọ wa ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n kọ Raṣidi sínú ìwé ìbí, Rasheed wà lórí ìwé ẹ̀rí wáẹ̀ẹ̀kì, Rashid ni àwọn oníwèé ìrìnnà kọ sí páásípọ́ọ̀tù. Nílé, ẹnìkan náà ni gbogbo wọn, ìyá rẹ̀ ń pè é ní Àṣídì. Lójú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àwọn oníwèé físà, ẹni mẹ́ta ni. Kóòtù ló kàn, láti lọ búra.

Bó bá débẹ̀ tán, káàdì tí wọ́n ń pè ní iqama ló kù, èyí tó gbọ́dọ̀ gbà láàrin 90 ọjọ́. Ẹni tí kò bá ní iqama kò lè ṣí àkáǹtì ní báńkì, kò lè gba nọ́ńbà fóònù tó ń pẹ́. Orúkọ onígbọ̀wọ́ wà lára rẹ̀, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ náà. Láì sí onígbọ̀wọ́, kò sí iqama, bí ẹ̀kọ́ bá sì dáwọ́ dúró nítorí ìdí yòówù, iqama náà ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Èyí tó máa ń ya àlejò lẹ́nu jù ni pé ẹni tó fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà àjáde-àtúnwọlé kí ó tó lè kúrò nílùú. Láyé àtijọ́, ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ni wọ́n ń bá a kiri. Nísinsìnyí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń jáde, ó sì lè má gba àkókò púpọ̀.

Síbẹ̀, ibi tí ó ti ń dunni kù. Mùsùlùmí kì í fi òkú sùn. Bí bàbá bá kú ní Ìwó lówùúrọ̀, wọ́n lè ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Físà ìbáà jáde lójú ẹsẹ̀, Dhahran sí Èkó kì í ṣe ìrìn wákàtí méjì. Bàálù á kọ́kọ́ gbé ènìyàn lọ sí Addis Ababa tàbí Doha tàbí Cairo kó tó dárí sílé. Nítorí náà, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wo ìsìnkú òbí wọn, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò gbé fóònù sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Bí wọ́n bá rí ọ̀nà wálé, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n máa ń bá.

Àpótí ẹrù náà ní òfin tirẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn aláṣẹ ètò Hájì ní Nàìjíríà máa ń kìlọ̀ fún àwọn Alájì pé kí wọ́n má ṣe gbé obì lọ sí Saudi, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì yọ sílẹ̀ nínú ìkìlọ̀ ọ̀hún. Òògùn ìrora bíi tramadol àti èyíkéyìí tó ní codeine nínú lè sọ ènìyàn dèrò ẹ̀wọ̀n bí kò bá sí ìwé dókítà, ẹni tí wọ́n bá sì mú pé ó ń ṣòwò òògùn olóró, ikú lè jẹ́ ìdájọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré kọ́. Lọ́dún 2019, arìnrìn-àjò kan láti Nàìjíríà kúrò látìmọ́lé lọ́hùn-ún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà tó hàn pé àwọn kan ló fi orúkọ rẹ̀ lẹ báàgì tí òun kò mọ̀ rí ní pápákọ̀ òfurufú nílé. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń lọ kì í gbẹ́rù aládùúgbò mọ́, ìbáà ṣe gàrí kóńgò kan fún ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ooru. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje 2003, ooru Dhahran wọ 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ìròyìn, Maiduguri mọ irú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ọjọ́ náà wọ ìwé ìtàn ni ọ̀rinrin. Òkun wà nítòsí, omi rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ sì fà á mu débi pé àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣírò rẹ̀ pé, lára ènìyàn, ooru náà ju 80 lọ. Òógùn ni Ọlọ́run fi ń tu ara nínú. Bó bá gbẹ lára, a máa mú ooru lọ. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, òógùn kò rí ibi tí yóò gbẹ sí, ńṣe ló kàn ń ṣàn. Ẹni tó ń lo gíláàsì ojú kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún un: bó bá ti ṣílẹ̀kùn láàbù tó jáde, gíláàsì á ṣú bámú, á di kó dúró kó nù ún kó tó ríran. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, òfin kò gbà kí wọ́n mú òṣìṣẹ́ kankan ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago méjìlá ọ̀sán sí aago mẹ́ta.

Òru ni wọ́n wá fi ń ṣe ọ̀sán. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀. Ní Thuwal, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́ ni ẹ máa rí àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń gba ọ̀nà etíkun, tí àwọn tó bímọ ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ṣọ́ọ̀bù á kún fọ́fọ́ ní aago mọ́kànlá. Nígbà ààwẹ̀ ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú á yí padà, wákàtí iṣẹ́ á dín kù, àwọn ilé oúnjẹ á ti ìlẹ̀kùn lọ́sàn-án, wọ́n á sì máa tajà títí di àsìkò sààrì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ọ̀gá tó ń darí ìwádìí rẹ̀ kì í ṣe Mùsùlùmí lè bá ara rẹ̀ níbi tí ọ̀gá ti ń jí nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn.

Àbájáde gbígbé inú ilé yìí pani lẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ tí oòrùn pọ̀ tó báyìí, àìtó fítámì D, èyí tí oòrùn ń fún ara lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́pọ̀ gan-an, nítorí gbogbo ènìyàn ló ń sá fún un. Àwa aláwọ̀ dúdú la sì nílò oòrùn púpọ̀ jù kí ara wa tó rí èyí tó tó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan lè wá máa fi omi gbé kóró fítámì D mì nílẹ̀ oòrùn. Káádígààn pẹ̀lú ò gbọ́dọ̀ wọ́n lẹ́yìn àga nínú láàbù, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Lóṣù Kìíní, òtútù gidi máa ń mú níta náà, tí alẹ́ Dhahran lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi 10.

Eruku náà ní tiẹ̀. Ìjì tí wọ́n ń pè ní shamal a máa ti àríwá fẹ́ wá, á kó iyanrìn dání, ojú ọ̀run á di pupa rúsúrúsú. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ mọ ìbátan rẹ̀, àmọ́ ọyẹ́ a máa rọra kún ilẹ̀. Èyí lè bo ilé tó wà lójú ọ̀nà kí ènìyàn tó pa fèrèsé dé. Òjò, tó yẹ kó jẹ́ ìtura, tún léwu. Ilẹ̀ kò mọ bí wọ́n ti ń mu ún, ọ̀pọ̀ àdúgbò kò sì ní gọ́tà tó lè gbà á. Lóṣù Kọkànlá 2009, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí KAUST ṣí, òjò wákàtí díẹ̀ pa ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Jeddah. Nítorí náà, bí òjò bá ṣú, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé orí fóònù pé kò sí kíláàsì lọ́la. Ọmọ Nàìjíríà á wojú ọ̀run, á rẹ́rìn-ín, á sì padà sùn.

Kò sí odò kan tó ń ṣàn tọdún-tọdún ní gbogbo Saudi. Látinú òkun ni wọ́n ti ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú omi tí wọ́n ń mu. Wọ́n á fi agbára ńlá ti omi iyọ̀ gba ara awọ tín-ín-rín kan tí ihò ara rẹ̀ kéré débi pé omi lè kọjá, iyọ̀ á sì kù sẹ́yìn. Tàbí kí wọ́n sè é, kí wọ́n gba ooru rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Jubail, létí òkun, ń fi omi ránṣẹ́ sí Riyadh nínú páìpù tó gùn ju 400 kìlómítà. KAUST ní ilé iṣẹ́ omi tirẹ̀ nínú ọgbà. Koríko tútù tí ẹ rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá akẹ́kọ̀ọ́, owó ni wọ́n fi ń bomi rin ín. Iná ọba kì í lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì máa ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò jẹ́ kí àwọn rí oorun sùn lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti dùn gan-an ni pé aṣálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí wọn. Ẹ wo pánẹ́ẹ̀lì sólà. Oòrùn pọ̀, a ó rò pé kò sí ibi tó dára jù láti gbé e sí. Àmọ́ eruku á bà lé e, ìrì òru á sọ eruku náà di ẹrẹ̀, oòrùn àárọ̀ á yan ẹrẹ̀ náà gbẹ mọ́ ọn lára bíi símẹ́ńtì. Pánẹ́ẹ̀lì á sì máa mú iná wá díẹ̀díẹ̀ sí i. Fífi omi fọ̀ ọ́ kò bọ́gbọ́n mu níbi tí omi ti jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná ṣe. Ní Dhahran, wọ́n ti ṣèwádìí lórí bí ẹrẹ̀ náà ṣe ń lẹ̀ àti ohun tí wọ́n lè fi pa ojú gíláàsì tí eruku kò fi ní rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ rò ó bóyá ìwádìí yìí kò kan Kánò tàbí Ṣakí.

Ní KAUST, omi iyọ̀ ni àwọn kan ń bá wọ̀yá ìjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mark Tester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣíwájú ikọ̀ tó tẹ ètò àbùdá quinoa jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2017, nítorí pé ọkà náà lè hù nílẹ̀ oníyọ̀. Ó tún wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Red Sea Farms sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi omi iyọ̀ ran tòmátì lọ́wọ́ láti dàgbà nínú aṣálẹ̀. Àwọn mìíràn ń lúwẹ̀ẹ́ lọ wo iyùn abẹ́ Òkun Pupa, tó ń fara da omi gbígbóná ju ti ọ̀pọ̀ òkun lọ. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Shaheen, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti àṣá. Nígbà tí ìkejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, òun ló wà ní ipò keje nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó lágbára jù láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ọ̀rá ni wọ́n fi ń bo kọ̀ǹpútà ẹ̀ka rẹ̀ nílé kí òjò má bàa jò sí i, ó lè fi àṣá yìí ṣiṣẹ́ lóru láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Oúnjẹ kò le tó bí wọ́n ti ń rò. Ìrẹsì àti adìyẹ ni ìlú ń jẹ, ìyẹn kabsa, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kò sí ata nínú rẹ̀ lójú ẹni tó ti Ìjẹ̀bú wá. Ìtajà àwọn ará Íńdíà ní ilá, ẹran ewúrẹ́, àti ata wẹ́wẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa wà níbi tí àwọn ará Philippines ti ń nájà. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti irú ló kù tí wọ́n ń gbé ti ilé, tí wọ́n á fi ọ̀rá we irú náà yíká-yíká kó má bàa fi òórùn pe aṣọ́bodè. Wàhálà wà nínú dídín ata. Ẹ̀rọ kan wà lókè àjà tó ń ké bí èéfín bá sọ, bí epo bá sì gbóná díẹ̀ jù, gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde sí ìta ní aago méjìlá òru, ará Ṣáínà, ará Mexico, ará Pakistan, gbogbo wọn nínú aṣọ ìsùn. Ọmọ Yorùbá á dúró láàrin wọn, ọmọrogùn lọ́wọ́, bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìlú náà ń yí padà lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Nígbà tí KAUST ṣí, inú ọgbà rẹ̀ nìkan ni obìnrin àti ọkùnrin ti ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì, tí obìnrin ti ń wa mọ́tò, tí sinimá sì wà. Bí wọ́n bá kọjá géètì, òfin mìíràn ló wà níta. Lọ́dún 2018, sinimá padà sí ìlú lóṣù Kẹrin, obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò ní gbangba lóṣù Kẹfà. Dhahran, tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọkùnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ń gba obìnrin báyìí. Ohun tí kò tíì yí padà ni ti ẹ̀sìn mìíràn: kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan ní Saudi. Kìrìsìtẹ́nì tó bá wà níbẹ̀, yàrá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Sọ́ńdè sì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí Jímọ̀ àti Sátidé ni òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn tó wà ní Dhahran, bí físà bá wà lọ́wọ́ wọn, lè gba orí afárá gígùn tí wọ́n ṣí ní 1986 kọjá òkun sí Bahrain, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà.

Fún Mùsùlùmí, nǹkan kan wà tí kò sí yunifásítì ilẹ̀ mìíràn tó lè fi jíǹkí rẹ̀. Nílé, bàbá lè fi ogún ọdún tọ́jú owó Hájì. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Thuwal lè pinnu lọ́jọ́bọ̀ pé òun ń lọ ṣe Úmúrà. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kẹwàá 2018 láàrin Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà ní ibùdókọ̀ kan tí kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, eré rẹ̀ sì lè tó 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Ti àwọn ará Dhahran kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Bọ́ọ̀sì á gbéra lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, á la aṣálẹ̀ mọ́jú, á dúró nítòsí Taif kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n sì wọ aṣọ funfun méjì, Jímọ̀ á bá wọn nídìí Kaaba. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ wọ́n ti padà sí láàbù. Àwọn ìyá ní Ìbàdàn ti ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Alájì láì tíì dúró de Hájì gan-an, tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀.

Bí oyè bá jáde, ìbéèrè mìíràn ló kù. Iqama akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ á mú un kúrò lórí ìwé, wọ́n á tẹ físà àjáde ìkẹyìn fún un, àkáǹtì báńkì á tì. Ẹni tó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ rí ilé iṣẹ́ tí yóò di onígbọ̀wọ́ tuntun kí ọjọ́ tó pé, láti 2011 ni ìjọba sì ti fi òfin Nitaqat mú àwọn ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n gba ọmọ ìlú tó iye kan. Nítorí náà, àwọn kan ń rí ipò olùwádìí gbà nínú yunifásítì ibẹ̀, àwọn díẹ̀ ń wọ iṣẹ́ epo, àwọn púpọ̀ sì ti ń kọ̀wé sí Kánádà, Amẹ́ríkà àti Jámánì kí wọ́n tó gbèjà ìwé ìwádìí wọn. Ẹgbẹ̀rún náírà kan kò tíì kúrò lápò bàbá. Àwọn tó ń padà sí yunifásítì nílé náà wà, wọn ò pọ̀. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ka lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni iye wákàtí tí iná ń wà ní láàbù.